Gígun Kẹ̀kẹ́ Láàárín Ọkọ̀ ní Ìlú Ọba: Ìbéèrè Àwọn Ará Wa àti Ìdáhùn Wọn

Púpọ̀ nínú àwọn ará wa tó ń dé sí Ìlú Ọba, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rà kí wọ́n tó lówó mọ́tò. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ń darí bọ̀ nígbà tí àwọn ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú, akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣọ́ owó ná, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri ojúlé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn láti kékeré ní Ìsẹ́yìn, ní Ìkìrun tàbí ní Agége. Títì ìlú yìí ni wọn ò tíì mọ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níbi ìkómọ. Mo kọ wọ́n jọ síbí nítorí pé àyà mi máa ń já tí mo bá rí ọmọ wa tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tírélà láìmọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a. Òfin England, Scotland àti Wales ni mo ń sọ. Northern Ireland ní ìwé tirẹ̀.

Mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti kékeré. Kí ló kù tí mo fẹ́ kọ́?

Ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ń gbà ni, òun ló sì le jù. Nílé, apá ọ̀tún là ń gbà. Níbí, apá òsì ni. Àwọn àgbà wa lè rántí pé apá òsì làwa náà ń gbà tẹ́lẹ̀, kí Nàìjíríà tó yí i padà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀tún ló wọ̀ wá lára.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í sábà ṣì í nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀ lójú títì, torí yóò kàn tẹ̀ lé àwọn tó wà níwájú ni. Ìgbà tí títì bá dá ni kí ẹ bẹ̀rù. Ní ọdún tí mo dé, mo ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, oorun ń kùn mí, mo yà kúrò ní ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn tí kò sí ọkọ̀ kankan, mo sì gba apá ọ̀tún lọ ní tèmi. Àfi bí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ṣe yọ níwájú mi, tí iná rẹ̀ bọ́ sí mi lójú. Awakọ̀ náà tẹ bíréékì títí taya fi ké. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ yà, mo máa ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé “òsì”. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má wo ti ẹni tó bá ń wò yín.

Bí ẹ bá fẹ́ jáde láti ọ̀nà kékeré bọ́ sí títì ńlá, ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó sún mọ́ yín jù yóò ti yọ. Bíréékì náà lè yàtọ̀. Lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tà níbí, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ló máa ń mú taya iwájú. Lára kẹ̀kẹ́ tó bá wá láti Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Faransé, òdìkejì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ dán an wò níbi tí kò sí ọkọ̀. Ẹni tó bá fa ti iwájú nìkan lójijì lè gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dà sílẹ̀.

Ṣé mo nílò láísẹ́ńsì, nọ́ńbà tàbí inṣọ́ránsì?

Rárá, fún kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Ti oníbátìrì lọ́rọ̀ nínú, mo máa débẹ̀.

Àmọ́ ẹ ka ìwé òfin ojú títì tí wọ́n ń pè ní Highway Code. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń kà á. Ibi tí wọ́n bá ti kọ MUST pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, òfin ni, ẹni tó bá rú u ti ṣẹ̀ sí ìjọba. Ibi tí wọ́n bá ti kọ should, ìmọ̀ràn ni, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ta ko ẹni tí kò tẹ̀ lé e bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́.

Ibo gan-an ni kí n wà lójú títì? Ṣé kí n sún mọ́ ẹ̀bá pátápátá kí ọkọ̀ lè ráyè kọjá?

Ẹ má sún mọ́ ẹ̀bá pátápátá. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo kọ síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí.

Mo mọ ibi tí àṣà yẹn ti wá. Nílé, ọkọ̀ tó bá tóbi jù ló ni títì. Ẹlẹ́sẹ̀ á sá fún ọlọ́kadà, ọlọ́kadà á sá fún dánfó, dánfó á sá fún tírélà, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ á sì máa tọ inú iyanrìn ẹ̀bá títì lọ. Níbí, wọ́n ti yí i padà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kíní ọdún 2022 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin náà pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ lè pani lára jù lọ ni ojúṣe pọ̀ jù lọ́rùn rẹ̀ láti ṣọ́ra fún àwọn yòókù. Tírélà ń ṣọ́ mọ́tò, mọ́tò ń ṣọ́ kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà ń ṣọ́ ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ kì í ṣe àlejò lójú títì náà. Ẹ ní ìpín níbẹ̀.

Ní àdúgbò tí ọkọ̀ kò pọ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti ń rọra lọ, tàbí bí ẹ bá ti ń sún mọ́ oríta àti ibi tí títì ti fún, àárín ojú ọ̀nà yín gan-an ni kí ẹ wà. Wọn yóò rí yín níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ fi ọkọ̀ há yín mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Tí ààyè bá ṣí tí kò séwu, ẹ wá sún sí òsì kí àwọn tó wà lẹ́yìn yín kọjá. Lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń sáré jù yín lọ, ó kéré tán, ẹ fi ìdajì mítà sílẹ̀ láàárín yín àti etí títì. Ìdajì mítà yẹn lẹ ó fi yẹra fún kòtò, fún irin tó bo ojú gọ́tà, fún àfọ́kù ìgò. Ẹni tó lẹ̀ mọ́ etí títì kò ní ibi tí yóò yẹ̀ sí. Bí kòtò bá yọ sí i, àárín ọkọ̀ ni yóò bọ́ sí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mọ́tò tí wọ́n páàkì, ẹ jìnnà tó ìwọ̀n ilẹ̀kùn kan, tàbí mítà 1. Ìwé náà ti sọ fún awakọ̀ pé ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ni kí ó máa fi ṣí i, kí ara rẹ̀ lè yí, kí ojú rẹ̀ sì kan ẹ̀yìn. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀. Bí ẹ bá rí orí ènìyàn nínú mọ́tò tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ gbà pé ilẹ̀kùn náà yóò ṣí.

Awakọ̀ kan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Ṣé kí n kúrò lọ́nà fún un?

Nílé, fèrè ń sọ̀rọ̀ púpọ̀: mo ń bọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ṣé ẹ ń lọ? Níbí, ìkìlọ̀ nìkan ló wà fún. Òfin kò tiẹ̀ gbà kí wọ́n máa fọn ọ́n nínú ìlú láti aago 11:30 alẹ́ títí di aago 7 àárọ̀, àfi bí ewu bá wà. Nítorí náà, fèrè gígùn tí ẹ gbọ́ lẹ́yìn lè jẹ́ ìbínú. Ẹ má dá a lóhùn, ẹ má sì jẹ́ kó lé yín wọ ẹ̀bá níbi tí ọ̀nà ti fún. Ẹ bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan kí ó mọ̀ pé ẹ ti gbọ́, ẹ máa bá tiyín lọ ní ìlà kan ṣoṣo, kí ẹ sì jẹ́ kó kọjá tí ọ̀nà bá fẹ̀.

Awakọ̀ tó bá fẹ́ ya yín kọjá ní ìwọ̀n eré máìlì 30 ní wákàtí kan tàbí tó kéré sí i gbọ́dọ̀ jìnnà sí yín tó mítà 1.5, ó kéré tán. Bó bá ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá sí ààyè, ṣe ni kó dúró sẹ́yìn. Ìmọ̀ràn ìwé ni, lóòótọ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá fara kan yín tán tàbí tó kù díẹ̀ kó fara kàn yín lè jẹ́jọ́ ìwakùwà. Bí ẹ bá ní kámẹ́rà lára àṣíborí tàbí lára kẹ̀kẹ́, àwọn ọlọ́pàá ń gba fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tètè fi ránṣẹ́, torí láàárín ọjọ́ 14 ni ìwé ìkìlọ̀ ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ fi dé ọwọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ náà.

Kí ló dé tí gbogbo ènìyàn ń kìlọ̀ nípa tírélà àti ọkọ̀ akẹ́rù?

Torí pé òun ló ń pa wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Níbí, apá ọ̀tún ni awakọ̀ jókòó sí. Ó ga sókè, fèrèsé rẹ̀ ga, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì rẹ̀ sì pa mọ́ fún un, bí kò ṣe ohun tí dígí bá fi hàn án. Apá òsì yẹn gan-an ni ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ máa ń gbà. Nílé, apá òsì ni awakọ̀ wa jókòó sí, apá ọ̀tún ló ṣókùnkùn fún un. Ìdí nìyí tí ẹni tó kọ́ ọgbọ́n ojú títì ní Ọjọ́ta tàbí ní Ìwó Road fi lè dé síbí kó máa bẹ̀rù ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ, kó sì fọkàn balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí ikú wà.

Bí ọkọ̀ gígùn bá fẹ́ yà sí òsì, kò lè yà lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ fi orí kọ ọ̀tún kó lè ráyè. Ààyè yóò ṣí sílẹ̀ lápá òsì, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ yóò rò pé wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ fún òun, yóò wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orí ọkọ̀ yóò padà sí òsì, àwọn taya ẹ̀yìn kò sì ní tọ ipa taya iwájú. Wọn yóò gé igun náà kúrú. Ààyè tó ṣí sílẹ̀ yóò wá pa dé, pẹ̀lú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Fúnra mi ni mo ti rí i tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé oúnjẹ rọra wọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó kó yẹ̀pẹ̀. Obìnrin kan tó dúró ní ẹ̀bá títì ló figbe ta tí awakọ̀ náà fi dúró.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti ń gbìyànjú láti dín in kù. Láti oṣù Kẹta ọdún 2021 ni Transport for London, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ìlú náà, ti ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù 12 lọ, wọ́n sì ń fún un ní ìràwọ̀, láti òdo títí dé 5, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ ṣe lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìta sí. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, èyí tí kò bá ní ìràwọ̀ 3 gbọ́dọ̀ ní àwọn ẹ̀rọ àti kámẹ́rà tó ń ta awakọ̀ lólobó. Ó dára. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò ní gbé taya kúrò lórí ènìyàn.

Tírélà tó bá dúró níbi iná, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má gba òsì rẹ̀ lọ síwájú, kódà bí wọ́n bá kun ọ̀nà kẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí rẹ̀, òun náà kò rí yín. Bó bá jẹ́ òun ló wá bá yín níbi iná, ẹ rìn síwájú díẹ̀ tí ààyè bá wà, kí ẹ yíjú padà, kí ojú yín àti tirẹ̀ ṣe mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí bọ́ọ̀sì ńlá, pàápàá nígbà tó bá fẹ́ dúró gbé èrò.

Báwo ni mo ṣe máa yà sí ọ̀tún, àti pé báwo ni mo ṣe máa wọ ráńdábáótù?

Yíyà sí ọ̀tún ló ṣòro níbí, bí yíyà sí òsì ṣe ṣòro nílé, torí ẹ ó gé ọ̀nà àwọn tó ń kojú yín bọ̀. Ẹ bojú wẹ̀yìn láti orí èjìká ọ̀tún, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún gbọọrọ, ẹ tún wẹ̀yìn wò, kí ẹ tó sún sí àárín títì. Ẹ má na ọwọ́ kí ẹ sì yà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ nínà kò ra ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín kọjá níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi oríta kan tó wà nítòsí ilé mi.

Ní ráńdábáótù, ọwọ́ agogo ni ẹ ó máa bá yí, èyí tó jẹ́ òdìkejì tiwa. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀tún yín ni ẹ ó dúró fún. Ẹ dúró sí àárín ìlà yín títí ẹ ó fi jáde. Ibi tí wọ́n ti ń gbá ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ jù ni ẹnu ọ̀nà àbájáde, nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ jáde kí ẹ̀yin tó kọjá.

Ṣé iná tíráfíìkì kan ẹlẹ́kẹ̀kẹ́?

Ó kàn án. Iná pupa, ẹ dúró. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 50. Níbi tí ìlà méjì bá wà tí wọ́n kun àwòrán kẹ̀kẹ́ sí àárín wọn, ẹ̀yin ni wọ́n fi ààyè iwájú yẹn sílẹ̀ fún, kí ẹ lè ṣáájú mọ́tò nígbà tí iná bá yí. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ bí ọ̀nà tó dé ibẹ̀ kò bá gba ẹ̀gbẹ́ tírélà.

Ẹlẹ́sẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ lórí yín. Bí ẹ bá fẹ́ yà wọ ọ̀nà kan tí ẹnìkan sì dúró létí rẹ̀ tó fẹ́ kọjá, òun ni ẹ ó fi sílẹ̀ kó kọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀rù títì ń bà mí. Ṣé mo lè gun ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀?

Òfin kò gbà á, ó sì ti pẹ́: ní England àti Wales, ọdún 1835 ni wọ́n ti ṣe òfin náà, ó sì wà títí di òní. Ìtanràn pọ́n-ùn 50 ló wà fún un. Ní ọdún 1999, Paul Boateng, ọmọ bàbá ará Gánà tó jẹ́ mínísítà ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, kọ̀wé pé wọn kò ṣe ìtanràn náà nítorí ẹni tí ẹ̀rù ọkọ̀ lé gun ibẹ̀, tó sì ń gba ti ẹlẹ́sẹ̀ rò. Ó ní kí àwọn ọlọ́pàá lo làákàyè. Àánú ni yẹn, kì í ṣe àṣẹ. Ẹ wo pátákó: bí ó bá jẹ́ búlúù tó ní àwòrán ènìyàn àti kẹ̀kẹ́, ẹ jọ ni ín. Bí kò bá sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Màmá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn kò ní gbọ́ yín bọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀rù yín kò burú. Ẹ wá ọ̀nà ẹ̀yìn, ọ̀nà inú àdúgbò, kódà bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jìn. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì náà sábà máa ń gba kẹ̀kẹ́ láyè. Ẹ wo pátákó rẹ̀ bóyá àwòrán kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀.

Irú iná wo ni òfin béèrè, àti pé ìgbà wo ni mo máa tàn án?

Funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, pẹ̀lú ohun pupa tó ń dán lẹ́yìn nígbà tí iná mọ́tò bá kàn án. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1985 gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń dán bí ọsàn lára ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di ìgbà tó bá yọ ni ẹ ó tan iná. Èyí tó ń ṣẹ́jú kò burú.

Oòrùn ìlú yìí ló ń ya àwọn ará wa lẹ́nu. Ní Èkó, láti oṣù Kíní títí dé oṣù Kejìlá, òkùnkùn kì í jìnnà sí aago méje. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn á ti wọ̀ kí ó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní oṣù Kejìlá, nígbà tí kì í wọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án kọjá ní oṣù Kẹfà. Ẹni tó kúrò nílé láìgbé iná ní oṣù Kẹwàá yóò bá òkùnkùn pàdé lọ́nà. Ẹ máa fi iná sínú àpò yín láti oṣù Kẹsàn-án. Aṣọ tó ń dán ní ẹsẹ̀ dára ju ti àyà lọ ní òru, torí ẹsẹ̀ ń lọ sókè-sódò, ojú awakọ̀ á sì tètè mọ̀ pé ènìyàn ni.

Bí òjò bá rọ̀, ẹ má fa bíréékì lórí irin ojú gọ́tà tàbí lórí ọ̀dà funfun tí wọ́n fi kun títì. Wọ́n ń yọ̀ bí ewédú. Ní àárọ̀ tí yìnyín bá bo koríko, ẹ wọ bọ́ọ̀sì.

Ṣé àṣíborí pọn dandan?

Òfin kò sọ ọ́ di dandan. Èmi ń dé e. Kò ní dá tírélà dúró, ṣùgbọ́n ó wúlò bí ènìyàn bá fi orí gbá etí títì. Fìlà gọ̀bì kò bá a lọ, gèlè kò bá a lọ. Ẹ fi sínú báàgì, kí ẹ wé e tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì. Agbádá àti ìró náà, ẹ ká wọn: ṣéènì ló kọ́kọ́ máa ń gbá wọn mú, taya ẹ̀yìn ló tẹ̀ lé e.

Ṣé mo lè gbé ìyàwó mi tàbí ọmọ mi sẹ́yìn lórí kárẹ́ríà?

Ìyàwó yín, rárá. Òfin ọdún 1988 sọ pé ẹnìkan ṣoṣo ni kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ gbé, àfi bí wọ́n bá ṣe é fún ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọmọ, ẹ ra ìjókòó ọmọdé gidi tó ní bẹ́líìtì, kí ẹ dè é dáadáa. Ẹ má fi ọ̀já pọn ọmọ gun kẹ̀kẹ́. Mo ti rí i, mo sì bẹ ìyá náà kó sọ̀ kalẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ń kọ́? Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ta tirẹ̀ fún mi.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó. Òfin ka kẹ̀kẹ́ oníbátìrì sí kẹ̀kẹ́ lásán bí agbára mọ́tò rẹ̀ kò bá ju wáàtì 250 lọ, bí mọ́tò náà bá ń dákẹ́ nígbà tí eré bá dé máìlì 15.5 ní wákàtí kan, tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ lẹ fi ń wà á. Ẹni tó bá ti pé ọdún 14 lè gùn ún, láìsí láísẹ́ńsì.

Èyí tí wọ́n bá ti tú, tó ń sáré bí alùpùpù tàbí tó ń lọ fúnra rẹ̀ láì wà á, alùpùpù ni lójú òfin. Ó nílò nọ́ńbà, láísẹ́ńsì, inṣọ́ránsì àti àṣíborí. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, wọn yóò gba kẹ̀kẹ́ náà. Àìní inṣọ́ránsì nìkan lè fa ìtanràn pọ́n-ùn 300 àti àmì ìjìyà 6 lórí láísẹ́ńsì mọ́tò yín, ẹni tí láísẹ́ńsì rẹ̀ kò bá tíì pé ọdún méjì yóò sì pàdánù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń gbé oúnjẹ ni wọ́n ti tà á fún láìsọ òótọ́ fún wọn, ó sì dùn mí, torí owó oṣù méjì ni wọ́n fi ń rà á.

Mo ń gbé Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ mi sì wà lódìkejì odò Thames. Báwo ni mo ṣe máa kọjá?

Ihò Blackwall, ọ̀nà ọkọ̀ tó gba abẹ́ odò náà, kò gba kẹ̀kẹ́, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi Woolwich ń gbé ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ihò ẹlẹ́sẹ̀ Woolwich, tí wọ́n ṣí ní 1912, àti ti Greenwich, tí wọ́n ṣí ní 1902, wà níbẹ̀ lọ́sàn-án lóru, ṣùgbọ́n ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó sì ti kẹ̀kẹ́ yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ihò Silvertown ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2025, bọ́ọ̀sì àkànṣe kan ń gbé kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún la ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà M pè, kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá, ohun yòówù kí máàpù inú fóònù sọ.

Fóònù, orin létí, ọtí ńkọ́?

Kò sí òfin tó dárúkọ orin létí, ṣùgbọ́n etí yín ni ojú ẹ̀yìn yín. Ẹni tó ń tẹ fóònù lórí kẹ̀kẹ́ lè jẹ́jọ́ àìbìkítà. Ẹni tí ọtí bá pa tó sì gun kẹ̀kẹ́ ti ṣẹ̀ sí òfin, ìtanràn rẹ̀ lè dé pọ́n-ùn 1,000. Lẹ́yìn òde àríyá, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Mọ́tò gbá mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kúrò lójú títì bí ẹ bá lè dìde. Ẹ pe 999. Ẹ má sọ pé “kò sí nǹkan, ẹ máa lọ”, bí ìwà ọmọlúwàbí wa ṣe máa ń sún wa sọ. Ìrora máa ń dé lọ́jọ́ kejì. Ẹ gba nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ awakọ̀ àti orúkọ inṣọ́ránsì rẹ̀. Dandan ni kó dúró kó sì fún yín. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹni tó rí i. Ẹ lọ sí ọ́sípítù kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe títí wọn ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí awakọ̀ bá sá lọ tàbí tí kò ní inṣọ́ránsì, ẹ má rò pé ó parí. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Motor Insurers' Bureau, láti ọdún 1946, tó ń san owó fún irú àwọn tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá kíákíá. Ọdún mẹ́ta ni òfin fún àgbàlagbà láti gbé ẹjọ́ ìpalára lọ. Irú ìwé ìgbélùú tí ẹ ní kò dí yín lọ́wọ́ láti pe 999 tàbí láti béèrè ẹ̀tọ́ yín.

Mo ti lé ní ọdún 45, n kò gun kẹ̀kẹ́ rí. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ni wọn kò jẹ́ kí wọ́n gùn ún ní kékeré torí pé wọ́n jẹ́ obìnrin, mo sì ti rí èyí tó kọ́ ọ níbí nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó díẹ̀. Ẹ wá orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà cycle training. Ẹ̀kọ́ Bikeability tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007 pín sí ìpele mẹ́ta: inú ọgbà tí kò sí ọkọ̀, ọ̀nà àdúgbò, àti títì gidi. Ẹ má fo ìpele kejì, kódà bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n gùn tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ibi tó yẹ kí ènìyàn wà lójú títì.

Wọ́n sábà máa ń yá yín ní kẹ̀kẹ́ fún ẹ̀kọ́ náà. Ẹ wọ bàtà tó gbá ẹsẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ yín méjèèjì fi kanlẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ lọ láì tẹ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni ara máa ń mọ̀ ọ́n.